Ohun Tí Ẹnì Kọ̀ọ̀kan Yọ̀ǹda: Àkọsílẹ̀ Àjùmọ̀ṣe Kan lórí Ìwé Kíkà Àwọn Ọmọdé

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ kò tóbi púpọ̀, kò sì kéré débi tí gbogbo ènìyàn fi mọ ara wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí àwọn òbí gbà kí a wọ ilé wọn, àdéhùn tí a bá wọn ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò ní tipasẹ̀ àkọsílẹ̀ wa dá wọn mọ̀. Èmi tí mo ń kọ èyí ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó kó àwọn àjọ ìlú náà jọ láti múra àwọn ọmọdé sílẹ̀ fún ìwé kíkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mo sì ti jókòó nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpàdé tí kò so èso kankan kí n tó rí èyí tó so.

Ẹjọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ dé etí wa. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń wọlé sọ́dọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni kò mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé àmì dúdú tó tò lójú ìwé ni àgbàlagbà ń kà, pé kì í ṣe àwòrán, etí wọn kò sì lè mú un pé ọ̀rọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò mọ̀ pé ẹjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tó tú ọ̀pọ̀ ìwádìí palẹ̀ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ ní 2008 pé mímọ lẹ́tà àti ìró wọn, pẹ̀lú agbára láti fi etí ya ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, wà lára ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ọmọ yóò ṣe kàwé sí nígbà tó bá dàgbà díẹ̀ sí i. Ọmọ tí kò bá ní wọn nígbà tó ń wọ kíláàsì àkọ́kọ́ yóò máa sáré lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì máa sáré lẹ́yìn ìlànà ẹ̀kọ́. Ní ìlú yìí, olùkọ́ ń bá òbí wí, òbí ń bá jẹ́lé-ó-sinmi wí, àwọn olùtọ́jú inú jẹ́lé-ó-sinmi sì ní kò sí ẹni tó fi iṣẹ́ náà han àwọn rí.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni káwọ́ gbera. Ilé-ìkàwé ìjọba ń ka ìtàn fún àwọn ọmọdé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àkókò tí òbí tó ń ṣiṣẹ́ kò lè mú ọmọ wá, nítorí náà àwọn ọmọ tí ìwé ti kún ilé wọn ló ń jókòó síbẹ̀. Àjọ aláàánú kan ń pín ìwé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀ka ìlera ń wọn ọmọ, ó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ní fọ́ọ̀mù tí nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ìdàgbàsókè ọmọ wò. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ń dá àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ti ìjọba lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò ka ti aládàáni kún, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ pọ̀ sí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ọmọ kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́jú, ẹnì kan kò sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìkàwé àti ti ọ̀gá ẹ̀ka ìlera wà ní òpópónà kan náà. Ìpàdé àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló pe ìpàdé náà. Báńkì Àgbáyé àti àwọn àjọ tó bá a ṣiṣẹ́ ti kéde ní 2022 pé a fojú bù ú pé méje nínú ọmọ mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n, ni kò lè ka ìwé kékeré kan kí ó yé wọn, ọ̀gá wa sì mú ìkéde náà dání bí ìwé ẹjọ́. Ohun tó sọ fún wa ni pé bí a bá dúró de ọdún kẹwàá kí a tó ṣe nǹkan, a ti pẹ́. Ó tọ̀nà. Àmọ́ ọ̀nà tí a gbà bẹ̀rẹ̀ kò tọ̀nà, ìgbìmọ̀ odindi ló sì jẹ̀bi rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayẹyẹ. A kọ ìwé àdéhùn tí gbogbo ọ̀gá fọwọ́ sí, a yan orúkọ fún iṣẹ́ náà, a sì pe àwọn oníròyìn. Olùdámọ̀ràn kan wá ka ohun márùn-ún tí John Kania àti Mark Kramer, olùdámọ̀ràn méjì ní Amẹ́ríkà, kọ ní 2011 pé ó gbọ́dọ̀ wà kí iṣẹ́ àwọn àjọ tó yàtọ̀ síra tó lè wọnú ara wọn fún wa: èrò kan náà, òṣùwọ̀n kan náà, iṣẹ́ tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa so ohun gbogbo pọ̀ lọ. A fi àmì sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ní a ti ní i. Bí mo bá padà wo ìwé ìpàdé ọjọ́ náà, ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé gbogbo àjọ tó wà níbẹ̀ ló ṣèlérí ohun tí yóò fi kún iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ ohun tí yóò yọ kúrò. Gbogbo ìlérí náà wá di àfikún sórí ẹrù àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹrù ti ń wọ̀ lọ́rùn tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ pínpín ìwé. Àjọ aláàánú àti ẹgbẹ́ oníṣòwò ra ìwé tó lẹ́wà, wọ́n tẹ àmì wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì pín in fún ìdílé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ohun tí onígbọ̀wọ́ gbára lé ni ìwádìí tí Betty Hart àti Todd Risley gbé jáde ní 1995, èyí tó bí ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ pé ọmọ tálákà ń fi mílíọ̀nù 30 ọ̀rọ̀ gbọ́ dín sí ọmọ olówó kí ó tó pé ọdún mẹ́rin. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo nọ́ńbà náà. Ìdílé 42 péré ni àwọn onímọ̀ náà bẹ̀ wò, àwọn mìíràn tó tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn wọn kò rí àlàfo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé àgbàlagbà tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé tálákà máa ń ju ìyá nìkan lọ. Ewu tó wà nínú rẹ̀ fún wa ni pé ó jẹ́ kí a wo àwọn òbí bí ẹni tó ṣaláìní, bí ẹni tí a ń gbé nǹkan wá fún. A kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Ní òpin ọdún, àwọn olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ní àwọn kò rí ìyàtọ̀. Àwọn onígbọ̀wọ́ ní ìwé tí a pín kò tíì tó. Ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí mo gbọ́dọ̀ yìn fún èyí, kọ̀ láti ra ìwé mìíràn títí a ó fi mọ ibi tí àwọn ti àkọ́kọ́ wà. Ó rán àwa mẹ́fà jáde, méjì-méjì, kí a lọ kí àwọn ìdílé nílé. Ohun tí a bá níbẹ̀ rọrùn débi pé ojú tì wá. Ìwé wà. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà nínú àpótí, ó wà nínú ọ̀rá tí a fi gbé e wá. Ìwé tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, tó sì ní àmì àwọn ẹni ńlá lẹ́yìn, àwọn òbí gbà pé kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ọwọ́ ọmọ tó lè fà á ya. Ìyá kan sọ fún wa pé òun ń tọ́jú ti ọmọ òun di ọjọ́ tí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilé mìíràn, èdè tí a fi kọ ìwé náà ni ti ilé-ẹ̀kọ́, èdè tí ìyá àti bàbá fi ń bá ọmọ ṣeré yàtọ̀, wọ́n sì rò pé àwọn yóò ba nǹkan jẹ́ bí àwọn bá fi èdè ara wọn sọ ìtàn inú ìwé náà. Àwọn òbí tí kò mọ̀wé kà kò tilẹ̀ ṣí i. A ti gbé ohun tí yóò máa rán wọn létí àìmọ̀ọ́kà wọn wọ inú ilé wọn.

Ìpàdé tí a ti jábọ̀ nǹkan wọ̀nyí ni mo kà sí ibi tí ọ̀nà ti yà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ rán láti ṣojú òun nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò ráyè. Kò tíì sọ̀rọ̀ rí ní ìpàdé. Ó bẹ àwọn ọ̀gá kí wọ́n jẹ́ kí òun bi wọ́n ní ìbéèrè kan, ó sì bèèrè ìdí tí a fi ń wá àwọn ọmọ yìí láti ilé dé ilé nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń wá bá òun fúnra wọn. Àjẹsára ń mú ìyá àti ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó sì tún ń mú wọn padà ní oṣù kẹsàn-án fún abẹ́rẹ́ èèyi. Kò sí ilé-ìkàwé tàbí jẹ́lé-ó-sinmi tó ń rí ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó rán wa létí pé èrò náà kì í ṣe tuntun: àwọn dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Boston ti ń fún ọmọ ní ìwé nínú yàrá àyẹ̀wò láti 1989, ilé-ìkàwé àti ẹ̀ka ìlera ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé 300 ní 1992. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní 2014, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òbí sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkà láti ìgbà ọmọ ọwọ́.

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì kùnà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dúró.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ní kí nọ́ọ̀sì máa ka ìwé fún ọmọ kí ìyá lè wo bí a ti ń ṣe é. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìlà àwọn ìyá ti gùn dé ojú ọ̀nà, àwọn nọ́ọ̀sì sì pa ìwé tì láìsọ fún wa. Wọn kò ṣọ̀tẹ̀; ìṣẹ́jú ni wọn kò ní. Ní ìgbà kejì, ilé-ìkàwé rán òṣìṣẹ́ wá láti máa ka ìtàn níbi tí àwọn ìyá ti ń jókòó de nọ́ńbà wọn. Èyí dára lójú, àwọn oníròyìn wá yà á. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fi etí kan gbọ́ ìtàn ń fi èkejì retí nọ́ńbà rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a bá pè tí kò dáhùn yóò padà sí ìparí ìlà. Bí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ṣe ń gbé ohùn sókè ni ojú àwọn ìyá ń le.

Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn náà ló tú kókó náà. Ó mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ ìdàgbàsókè ọmọ wò wá sí ìpàdé, ó sì fi hàn wá pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni ìwé lè jẹ́rìí sí. Bí a bá na ìwé páálí sí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, a ó rí i bóyá ó nawọ́ gbà á, bóyá ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ dọ́gba, bóyá ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé àwòrán, bóyá ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ láti mọ ohun tí ìyá rò nípa nǹkan tuntun yìí, bóyá ó ń yíjú sí ohùn. Nítorí náà, ìwé rọ́pò àwọn nǹkan ìṣeré tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò sì gba ìṣẹ́jú kan kún iṣẹ́ wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ṣe tán, yóò sọ ohun kan péré fún ìyá nípa ohun tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, yóò sì fi ìwé náà lé ọmọ lọ́wọ́ láti gbé lọ sílé. Ẹ̀ka ìlera ní láti yí ìlànà fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lò padà kí èyí tó lè ṣeé ṣe, mo sì mọ iye ìwé tí a kọ láàárín ọ́fíìsì kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda nínú àjùmọ̀ṣe wa.

Èkejì ti ọ̀dọ̀ ilé-ìkàwé wá, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ìyá tí ìwé kan ti wọ ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè òmíràn, a sì ń tọ́ka wọn sí ilé-ìkàwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni kì í dé ẹnu ọ̀nà. Láti gba káàdì ọmọ, òbí gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ibi tó ń gbé wá, èyí tí ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí kò ní. Ìwé tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, owó ìtanràn wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá ya, òbí ni yóò san án. Ọ̀gá ilé-ìkàwé kì í ṣe ènìyàn líle. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ òun, òun ni a ó bi bí ó bá sọnù. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún un pé ilé-ìkàwé ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ti fagi lé owó ìtanràn ní 2019, ó ní Chicago kò ní bá òun dáhùn níwájú olùṣàyẹ̀wò owó. Ìjiyàn kò yí i lọ́kàn padà. Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ yọ àkójọ káàdì ọmọdé tí wọ́n ti dí pa nítorí gbèsè, ó sì to ó sí àdúgbò-àdúgbò. Àwọn àdúgbò tí ìgbìmọ̀ wa kọ sínú ìwé àdéhùn pé nítorí wọn ni a fi ń ṣe gbogbo èyí ni káàdì tó dí pọ̀ sí jù. Ọ̀gá náà wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fagi lé owó ìtanràn lórí ìwé ọmọdé, ó sì gbà kí káàdì àjẹsára ọmọ dúró gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rí. Káàdì tí gbogbo ìyá ń tọ́jú bí ojú wá di káàdì tí a fi ń yá ìwé.

Ọ̀rọ̀ káàdì yìí ló sì parí ìjà tó fẹ́ tú wa ká. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ti ń bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ẹ̀ka ìlera fún àwọn ní orúkọ àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rọ̀ wọn pẹ́, kí wọ́n lè múra dè wọ́n. Ẹ̀ka ìlera kọ̀, wọ́n ní àṣírí aláìsàn ni, òfin kò sì gbà á. Fún oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni a ń sọ, àwọn agbẹjọ́rò ń kọ̀wé sí ara wọn, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rò pé èkejì ń fi òfin bojú. Lójú tèmi, ẹ̀ka ìlera ló jàre, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Òbí kan tó wà nínú ìgbìmọ̀, tí a fi kún un lẹ́yìn ìbẹ̀wò ilé, ló béèrè ìdí tí àwọn ọ́fíìsì méjì fi ń jà lórí ìwé tó wà nínú báàgì òun. Ẹni tó ni ọmọ ló ni ọ̀rọ̀ náà. A tẹ ojú ìwé kan kún káàdì àjẹsára: nọ́ọ̀sì yóò kọ ohun tó rí síbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn, olùtọ́jú jẹ́lé-ó-sinmi lè kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, òbí ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò fi hàn. Orúkọ kankan kò kúrò ní ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn.

Ohun tí a kò retí tipasẹ̀ ojú ìwé yẹn dé. Olùtọ́jú kan kọ ọ́ pé ọmọ kan kì í dáhùn bí òun bá pè é láti ẹ̀yìn, pé aláìgbọràn ni. Ìyá rẹ̀ mú káàdì náà lọ sí ilé ìwòsàn fún àjẹsára tó kù, nọ́ọ̀sì kà á, ó sì ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ etí gbé kalẹ̀ ni pé kí a yẹ etí ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ àrùn náà dájú kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà; ọmọ tiwa ti ju ọdún mẹ́ta lọ. Ó ti pẹ́, àmọ́ kò pẹ́ tó bí ì bá ti pẹ́ bí ó bá jẹ́ pé kíláàsì àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àìgbọràn náà pè é ní olódo. Láti ọjọ́ náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè nípa jẹ́lé-ó-sinmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

Ti ìwé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Onígbọ̀wọ́ ló ní láti yọ̀ǹda níhìn-ín. Ẹ̀rí tí a kó wálé láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí fi hàn pé ìwé tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá, ni wọ́n lè fi èdè tó bá wù wọ́n sọ. Ìwádìí tí Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1988 ti fi hàn pé bí òbí bá ń bi ọmọ ní ìbéèrè lórí àwòrán, tó dúró kí ọmọ dáhùn, tó sì fi díẹ̀ kún ìdáhùn náà, èdè ọmọ ń tètè gbòòrò ju ti ẹni tí a kàn ń ka ìwé sí létí lọ. Ní 2018, Rachel Romeo àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí i pé iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọmọ àti àgbàlagbà ló bá bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí èdè mu, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ tí a dà sí i létí. Fún òbí tí kò mọ̀wé kà, ìròyìn ayọ̀ ni èyí, nítorí ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tó lè ṣe. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ìwé tí ẹgbẹ́ oníṣòwò fẹ́ràn láti máa pín, èyí tó nípọn tó sì ní àmì wọn gàdàgbà, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ó gba ìpàdé mẹ́ta kí wọ́n tó gbà kí a ra ìwé páálí kékeré tí kò ní àmì ẹnikẹ́ni, tí ọmọ lè fi eyín gé. A tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yé bèèrè iye ìwé tí a pín, kí wọ́n gba ohun mẹ́ta péré tí olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ń wò lára ọmọ ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé: bó ṣe mú ìwé, bóyá ó lè sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán, bóyá etí rẹ̀ mú ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ nítorí èyí. Àwọn yòókù dúró.

Ní ọdún kẹta, wọ́n gbé ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ètò tirẹ̀ lọ́kàn, ó sì fi oṣù mẹ́jọ má pe ìpàdé. Gbogbo ohun tó gbé ara lé ìgbìmọ̀ wó lulẹ̀ láàárín àkókò yẹn: ètò orí rédíò dáwọ́ dúró, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni tú ká, ìlérí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe pé àwọn yóò máa fún òbí ní àyè láti bá ọmọ lọ sí ilé-ìkàwé kò mú ẹsẹ̀ dúró rárá. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní oṣù kẹfà, pẹ̀lú èrò pé n óò bá òfìfo. Nọ́ọ̀sì ń na ìwé páálí sí ọmọ kan lórí tábìlì àyẹ̀wò. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kò jókòó mọ́. Kò mọ ìgbìmọ̀ tí mo ń sọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ni, bí fọ́ọ̀mù ṣe sọ ló ń ṣe. Ilé-ìkàwé náà kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìtanràn, ìyá sì ń fi káàdì àjẹsára yá ìwé síbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ń sọ nísinsìnyí pé àwọn ọmọ tó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn yìí wọlé kì í bẹ̀rù ìwé, pé wọ́n ń bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nípa ìró ọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ náà kò tó bí a ṣe fẹ́, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀: ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí àwòrán ń kọ́ ọmọ ní èdè, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ etí rẹ̀ ní ìró. Orin, eré ọ̀rọ̀ àti olùtọ́jú tó mọṣẹ́ ló ń ṣe ìyẹn, jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn tú ká sì ni ibi tó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá ti fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sínú àṣẹ tí ìjọba fi ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, dípò kí a fi sínú ètò ìgbìmọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó wà títí di òní. Àṣìṣe yìí tèmi ni. Èmi ni mo ní kí a má fi àṣẹ dẹ́rù bà wọ́n.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí òbí wà nínú ìgbìmọ̀ kí a tó ra ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì ju ẹyọ kan lọ, nítorí ẹyọ òbí kan láàárín àwọn ọ̀gá kì í tètè sọ̀rọ̀. Kí ẹni tí ọ̀gá bá rán wá ṣojú rẹ̀ ní àyè láti sọ̀rọ̀, torí òun ló mọ bí ìlà ṣe gùn tó. Kí a máa wá ohun tó ti wà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí ìwé lè rọ́pò, kí a tó ronú ohun tí a ó fi kún un. Bí àjọ kan bá sì kọ̀ láti ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún òmíràn, kí a kọ́kọ́ gbà pé ó lè jàre.

Ìlú kejì tí mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, mi ò jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn ní ìpàdé àkọ́kọ́. Mo pín bébà fún wọn, mo ní kí àjọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kan tí yóò dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró kí ọdún náà tó parí nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ilé ìwòsàn kọ ojú ìwé kan lára fọ́ọ̀mù. Ilé-ìkàwé kọ wákàtí ìtàn ti aago mẹ́wàá. Àjọ méjì dá bébà wọn padà láìkọ nǹkan kan sí i, wọ́n ní àwọn yóò jíròrò lé e lórí. Mo kọ orúkọ wọn sí apá kan ìwé mi, n kò sì gbé iṣẹ́ kankan lé ìlérí wọn títí wọ́n fi mú bébà náà padà wá.